Àádọ́ta Ilé Orí Òkè

Kálàmù ti kan ìwé àṣẹ náà kí kọmíṣọ́nà tuntun tó gbé ọwọ́ kúrò. Ó wo ọ̀gá ẹnjiníà tó dúró níwájú tábìlì.

"Tí a bá ti ẹ̀rọ omi yìí pa, níbo ni àwọn ará òkè yóò ti máa pọnmi?"

"Ìyẹn ò sí nínú ìwé, mà. Àádọ́ta ilé péré ni wọ́n, ẹ̀rọ ọ̀hún sì ti gbó."

Ọjọ́ kìíní rẹ̀ nìyí gẹ́gẹ́ bíi kọmíṣọ́nà fún ọ̀rọ̀ omi. Ogún ọdún ló fi darí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọṣẹ. Abẹ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, nítorí ẹ̀ka tí kò bá mérè wá, gígé ni. Ó ti ti mẹ́ta pa rí láàárín ọdún kan, oorun kò sì dá lójú rẹ̀. Ẹni tí kò bá ra ọṣẹ tirẹ̀ yóò ra ti ẹlòmíràn. Omi ńkọ́?

Ìròyìn ò kúkú tó àfojúbà. Ó dìde.

"Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó."

"Mọ́tò kì í débẹ̀, mà."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ sínú mọ́tò, ó fi ẹsẹ̀ lásán gun àtẹ̀gùn olókùúta tó lọ sókè. Ẹnjiníà ń mí hẹlẹhẹlẹ bọ̀ lẹ́yìn. Nídìí ẹ̀rọ, ìyá arúgbó kan ń ṣọ́ garawa rẹ̀. Omi ń kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kún, ìyá náà kò bèèrè ẹni tí wọ́n jẹ́.

"Ọmọ mi, bá mi gbé e. Egungun mi ti darúgbó jù mí lọ."

Ẹnjiníà na ọwọ́, ṣùgbọ́n kọmíṣọ́nà ti gbé e. Omi dà sí aṣọ tuntun tó rán nítorí ọjọ́ yìí. Lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ìyá náà ní:

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ti ẹ̀rọ wa pa. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà. Wọn ò ní tì í mọ́." Ó yíjú sí ẹnjiníà. "Oṣù mélòó la fi máa pààrọ̀ rẹ̀?"

"Mẹ́ta, mà, tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀."

"A ti bẹ̀rẹ̀. Títí dìgbà náà, kí táńkà omi máa wá sísàlẹ̀ láràárọ̀, kí ẹ sì fa rọ́bà gòkè wá. Láti ọ̀la ni."

Ìyá náà wò ó láti orí dé ẹsẹ̀ tí eruku ti bò.

"Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu. Kí ìwọ náà wá lọ́la, kí n rí ọ."

Láti ogún ọdún, kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún un báyìí. Ó dúró, garawa ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì tutù lọ́nà tí kò retí.

"Aago mélòó ni kí n dé, mà?"