Ìdajì Iyán Kìtán

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí. Ẹ fara balẹ̀, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ sọ, kò sí àbùlà ńbẹ̀.

Káfíńtà ni Adébùsóyè, ní ìlú Oǹdó. Látìgbà tíyàwó ẹ̀ ti kú, òun àti Kìtán ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló máa ń jẹyán nínú àwo kan náà. Wọ́n á máa jẹ, wọ́n á máa bú ara wọn.

Ló bá di pé inú ń ta Adébùsóyè. Ó ń rù. Ó wọ mọ́tò lọ sílé ìwòsàn ní Àkúrẹ́, wọ́n ki rọ́bà oníná bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fi wo inú ẹ̀. Dókítà Fọláhànmí ní jẹjẹrẹ ló wà níkùn ẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń pè ní lìmúfómà, pé kòkòrò kan tó ti ń gbébẹ̀ tipẹ́ ló fà á.

"Ẹ lo oògùn apakòkòrò yìí, bàbá. Tí kòkòrò yẹn bá kú, jẹjẹrẹ náà lè tẹ̀ lé e lọ."

"Ṣé ó ń ràn?"

"Kòkòrò yẹn? Ó lè gba ẹnu ràn."

Ó tán! Adébùsóyè ò gbọ́ nǹkan míì mọ́. Nígbà tó délé, ó bu iyán tiẹ̀ sọ́tọ̀, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.

Kìtán ranjú. "Bùsóyè, ṣé ọwọ́ mi ń rùn ni?"

"Jẹun ẹ, jàre."

"Háà! O lọ Àkúrẹ́, o ti dọ̀gá!" Kìtán ṣanwọ́, ó lọ. Kò padà wá.

Oògùn yẹn korò, síbẹ̀ ó lò ó tán. Oṣù ń gorí oṣù, ilé pa lọ́lọ́. Ó máa ń bú Kìtán nídìí iyán, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó padà sí Àkúrẹ́, wọ́n tún ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun. Dókítà ní, "Bàbá, jẹjẹrẹ náà ti ń lọ o! Ta lẹ bá wá ká jọ yọ̀?"

"Kò sẹ́nì kan. Mi ò fẹ́ kí jẹjẹrẹ ran ẹnikẹ́ni."

"Yéè! Kòkòrò ló ń ràn, bàbá, jẹjẹrẹ kì í ràn. Kòkòrò ọ̀hún gan-an ti kú."

Ilé Kìtán ló gbà lọ tààrà. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní ọmọ ẹ̀ ti mú un lọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Ó pè é lórí fóònù, ó ro gbogbo ẹ̀ fún un.

"Kì í ṣe ọwọ́ ẹ ni mo sá fún, Kìtán. Ẹnu tèmi ni."

Kìtán pòṣé. "Òmùgọ̀. O ò bá ti sọ."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí. Ọmọ mi ò ní gbà kí n dá gbé mọ́."

Adébùsóyè gúnyán, ó kó o sínú àwo àtijọ́. Ó jẹ ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ dé àárín, ó dúró. Ìdajì tó kù tutù síbẹ̀.

Tírú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiyín, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi o. Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà ni kẹ́ ẹ kọ ọ́.