Ojú Tí Kò Ṣègbè

Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún méje ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Etí Bàbá, torí pé òun ló ń bá bàbá rẹ̀ gbọ́ ohun tí aráyé bá ń sọ. Aránbàtà ni bàbá náà. Àìsàn kan tó ṣe é ní kékeré ló gba etí rẹ̀, kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni mọ́ látìgbà náà. Ìyá ọmọ náà ń gbọ́ràn, ó sì mọ èdè ọwọ́ dé ìwọ̀n àyè kan, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ òṣèlú, ńṣe ló máa ń káwọ́ sókè. Á ní, "Ẹ pe Etí Bàbá o, èmi ò lè fìka jà."

Ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí gan-an sì ni bàbá fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ. Ọmọ ẹgbẹ́ Àtùpà ni, ẹgbẹ́ kékeré kan tí kì í rí ju ìjókòó kan tàbí méjì lọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ń ka èsì ìdìbò, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ làwọn aládùúgbò máa ń kóra jọ sí, torí òun ló ní tẹlifíṣọ̀n tó tóbi jù lójúlé náà. Bí alága àjọ elétò ìdìbò bá ti ka èsì kan, ariwo á sọ. Bàbá á fọwọ́ kan ẹni tó sún mọ́ ọn, á fojú bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Onítọ̀hún á gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè, á ṣe é ṣìì, ìyẹn ni pé tó bá yá. Nínú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, níwájú tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀, tó bá yá! Ìgbà tí Etí Bàbá bá ti iléèwé dé ni yóò tó mọ ẹni tó wọlé. Kì í tiẹ̀ í dúró de ọwọ́ ọmọ náà. Ojú rẹ̀ ló máa ń kà. Bí ojú ọmọ bá ti fà ro, bàbá ti mọ̀ pé Àtùpà tún ti kú nìyẹn.

Etí Bàbá dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ ògbufọ̀ dójú àmì, ó sì ń ṣe é kiri ilé ìwòsàn àti ilé ẹjọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni nígbà tí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ránṣẹ́ sí i. Àjọ elétò ìdìbò ti pàṣẹ pé lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó bá fẹ́ gbé èsì ìdìbò ilé aṣòfin sáfẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wá ẹni tí yóò máa fi èdè ọwọ́ sọ ọ́. Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Nígbà tó sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀, bàbá ju òòlù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Tún un sọ." Ó tún un sọ. Ó ní, "Tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, díẹ̀díẹ̀, mò ń gbádùn ẹ̀."

Àmọ́ wàhálà kan wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ márùn-ún ló ń du ìjókòó ọgọ́fà: Afárá, Kọ́kọ́rọ́, Ewé, Àtùpà àti Ẹyẹlé. Bí àwọn adití ìsàlẹ̀ ìlú ṣe ń fọwọ́ pe ẹgbẹ́ wọ̀nyí yàtọ̀ sí tàwọn ti òkè ìlú. Ẹyẹlé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ò tiẹ̀ ní orúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí Etí Bàbá bá dé orí tẹlifíṣọ̀n tó lo tibì kan, àwọn tibòmíì á máa wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń wo ìwé tí kò lè kà. Bàbá ní kí wọ́n pe gbogbo wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé.

Wọ́n lé ní ogún tí wọ́n wá. Kò sí ariwo kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lọ á rò pé wọ́n fẹ́ máa lu ara wọn ni. Wẹ́dà kan wà láàárín wọn tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Afárá. Nígbà tó kan Ewé, ó fọwọ́ ṣe ewé, ó wá fọwọ́ kejì ṣe ẹnu ewúrẹ́ tó ń jẹ ẹ́. Obìnrin télọ̀ kan, ọmọ ẹgbẹ́ Ewé pátápátá, fò dìde. "Ewé ta ni ewúrẹ́ ń jẹ? Afárá tiyín tó ń mì ńkọ́, ṣé mo ní kí ẹnikẹ́ni mì ín?"

Bàbá Aránbàtà ní kí wọ́n fara balẹ̀, ó ní kí wọ́n wo tòun. Ó gbé ọwọ́ sókè gíga, ó ga ju orí rẹ̀ lọ, ó wá tú ìka ká kí ìmọ́lẹ̀ lè tàn kárí ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀!" Wẹ́dà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Àtùpà là ń wí, kì í ṣe oòrùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bàbá fi sọ ọ́ kalẹ̀, tìkọ̀tìkọ̀. Nígbà tí ọ̀sán fi pọ́n, wọ́n ti fẹnu kò: iwájú àyà ni wọn yóò ti máa pe gbogbo ẹgbẹ́, kò ní sí èyí tó ga ju èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ sí ìyìn tàbí èébú nínú ẹ̀.

Télọ̀ wá kọjú sí Etí Bàbá. "Ojú tìẹ náà ńkọ́? Ojú ẹ máa ń sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ ẹ tó sọ. Gbogbo wa la sì mọ ẹgbẹ́ tí bàbá ẹ ń ṣe."

Etí Bàbá rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń dúró síwájú dígí. Ìyá rẹ̀ á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á máa ka èsì àtọwọ́dá fún un. Tó bá rí i pé ojú ọmọ ti ń dúró, á wá ké gbàjarè: "Àtùpà, ọgọ́rùn-ún ìjókòó! Bàbá ẹ, olórí ìjọba!" Ọmọ á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ọ̀gá ìròyìn fi ibi tí àwòrán rẹ̀ máa wà hàn án, nísàlẹ̀ igun ọwọ́ ọ̀tún. Kò tó páálí ìṣáná.

"Ó ti kéré jù, sà," Etí Bàbá wí.

"Àwọn mélòó ló fẹ́ wò ó?" ọ̀gá bi í. Kì í ṣe èèyàn burúkú, iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀. "A ní àwòrán ilẹ̀ láti gbé síbẹ̀, a ní orúkọ àwọn olùdíje, ìpolówó ọjà sì tún wà níbẹ̀."

Kò bá a jiyàn. Ó fi bí wọ́n ṣe ń ka ẹẹ́fà àti bí wọ́n ṣe ń ka ẹẹ́sàn-án hàn án. Àwọn méjèèjì jọra, ìka tí àtàǹpàkò bá kàn ló yà wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá ti mọ̀ ọ́n, Etí Bàbá lọ síwájú kámẹ́rà, ó ní kí wọ́n gbé òun sínú páálí ìṣáná náà, ó ka nọ́ńbà kan.

Ọ̀gá na ọrùn síwájú. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. "Ẹẹ́fà."

"Ẹẹ́sàn-án ni, sà. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìjókòó mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú yàrá náà wo ilẹ̀ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá tún bojú wo páálí ìṣáná náà. Ó wá ní, "Ẹ gbé ìpolówó yẹn kúrò." Bí wọ́n ṣe fún Etí Bàbá ní ìdá kan nínú mẹ́ta ojú tẹlifíṣọ̀n nìyẹn, láti orí dé ìbàdí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka èsì. Òun àti ọkùnrin ògbufọ̀ kan ló ń gba ara wọn sílẹ̀ ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iná sítúdíò ń mú bí ààrò. Ohùn alága ń wọlé sí i létí, ọwọ́ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀: ẹkùn ìdìbò kìíní, Kọ́kọ́rọ́. Ẹkùn kejì, Afárá. Ẹkùn kẹta, Ewé. Nígbà tí yóò fi dé ẹkùn ogójì, Àtùpà ti rí ìjókòó mẹ́rin, ohun tí wọn ò rí rí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ojú rẹ̀ tẹ́jú bíi tábìlì.

Ẹkùn kẹtàdínláàádọ́rin ni tiwọn. Ẹni tó gbé àpótí níbẹ̀ lórúkọ Àtùpà ni nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì gbẹ̀bí Etí Bàbá fúnra rẹ̀. Ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò ló ti ọwọ́ ìyá yìí wáyé. Nígbà tí alága pe nọ́ńbà ẹkùn náà, ọkùnrin ògbufọ̀ kejì, tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbé wà, ju ọwọ́ sí i láti ẹ̀yìn kámẹ́rà: ṣé kí n gbà á? Etí Bàbá mi orí díẹ̀ pé rárá.

Afárá ló wọlé. Ìbò mọ́kàndínlógún péré ló fi ju Àtùpà lọ.

Ó mọ ibi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí lákòókò yẹn, àga onírọ̀gbọ̀kú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránbàtà. Ó mọ̀ pé ojú òun ló ń wò. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ṣe afárá níwájú àyà, ó ka ìbò mọ́kàndínlógún náà ketekete, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì dúró de ẹkùn tó kàn.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí alága ka àpapọ̀. Afárá, ìjókòó méjìléláàádọ́ta. Kọ́kọ́rọ́, mọ́kànlélógójì. Ewé, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àtùpà, mẹ́sàn-án. Ẹyẹlé, mẹ́ta. Nígbà tí Etí Bàbá ka ẹẹ́sàn-án Àtùpà tán, ó rí ọ̀gá ìròyìn lẹ́yìn dígí, tó gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ kan ìka ìfábẹ̀là, tó ń kà á tẹ̀lé e.

Ìmọ́lẹ̀ ṣì wà níta nígbà tó délé. Ó bá èrò rẹpẹtẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Lára ilẹ̀kùn onígi, ẹnì kan ti fi ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń sàmì sára awọ kọ ọ́ gàdàgbà: 52 + 9 = 61.

"Bàbá ẹ ni o," ìyá rẹ̀ sọ fún un, kó tiẹ̀ tó kí i tán. "Nígbà tí alága parí, gbogbo wọn ń pariwo pé Afárá ti gbàjọba. Ló bá gbá tábìlì, ìṣó fọ́n ká. Ó ní irọ́ ni, Afárá ò pé mọ́kànlélọ́gọ́ta tó fi lè ju ìdajì ilé lọ, kò lè dá ṣe é. Kọ́kọ́rọ́ àti Ewé sì ti búra pé àwọn ò ní bá Afárá jókòó láyé. Ó ní ká jẹ́ kí Kọ́kọ́rọ́, Ewé àti Ẹyẹlé para pọ̀ náà, kò ju mọ́kàndínlọ́gọ́ta lọ. Ibi yòówù kí wọ́n gbà, wọ́n máa bá Àtùpà lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ làwọn tó ń gbọ́ràn ń bẹ adití pé, 'Bàbá, ẹ tún un ṣe, kò yé wa.' Èmi ni mò ń túmọ̀! Èmi tí mi ò lè fìka jà!"

Bàbá ti rí ọmọ rẹ̀. Ó la àárín èrò kọjá, ó dúró síwájú rẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

"Nígbà tó kan ẹkùn wa," ó fọwọ́ sọ, "mo wo ojú ẹ kí n lè tètè mọ̀. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún un wò. Òfìfo. Àfìgbà tí mo wá wo ọwọ́ ẹ bíi ti gbogbo èèyàn."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Bínú kẹ̀? Ọmọ èmi dúró síwájú gbogbo ìlú, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ẹgbẹ́ báyìí ló ń ṣe, títí kan èmi tí mo bí i." Ó na ìka sí Télọ̀ tó jókòó sẹ́yìn. "Bi í. Ọmọ Ewé ni. Ṣe ló ń ṣọ́ ẹ láti ọ̀sán kó lè rí àléébù, kò rí."

"Méje ẹ wọ́ díẹ̀," ni Télọ̀ fọwọ́ wí láti ọ̀ọ́kán. "Àmọ́ mo ti dárí jì ẹ́."

"Ìbò mọ́kàndínlógún yẹn ńkọ́, Bàbá? Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí wọ egungun. Mo ti lọ kí Ìyá Agbẹ̀bí, a sì jọ banú jẹ́ dáadáa." Bàbá na ọwọ́ sí àwọn èrò náà. "Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tó dùn wọ́n náà ló dùn mí. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé tó bá yá."

Ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú, ó mú un wọlé, ó sì yí orí padà sáwọn èrò. Ohùn rẹ̀ kì í sábà jáde, torí pé àwọn ọmọdé máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ náà, ó la ẹnu, ó fi ohùn rírinlẹ̀ tí kò gún régé sọ ọ́ síta: "Ọmọ mi ni!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Etí Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú láti ọ̀sán. Ó bọ́ bàtà. Bàbá gbé ọ̀kan, ó yí i wò lábẹ́ iná, ó rí i pé gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mi orí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, ó sì wá awọ tó nípọn jù lọ nínú àpótí.