Orrin Ń Retí Àbúrò Rẹ̀

Nígbà tí Orrin Kittredge pe Emmett lórí fóònù lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni Emmett sọ fún Verna ìyàwó rẹ̀ pé àwọn máa rìnrìn àjò lọ sí Wyoming tí Orrin ń gbé. Kì í ṣe pé Orrin ní ara òun ò yá. Ohun tó ń wí kò ju pé kí Emmett wá kí òun, kó sì mú Leland dání tó bá ń bọ̀. Leland ni àbúrò Orrin. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tó ti kú, Emmett sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀ dé etí kòtò.

Emmett ní àṣìsọ ni. Verna, tó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, ní àṣìsọ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí orúkọ kan ṣoṣo.

Iṣẹ́ ológun ló so Emmett àti Orrin pọ̀ nígbà tí irùngbọ̀n wọn ò tíì kún. Emmett ló ga ju Orrin lọ lẹ́nu iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí Orrin fi ń pè é ní Sájẹ́ńtì títí dòní. Nígbà tí wọ́n bọ́ aṣọ ológun sílẹ̀, Emmett padà sílé ní Omaha, Orrin sì padà sídìí màlúù baba rẹ̀. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Òun àti Leland ni wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń sin màlúù, wọ́n sì jọ ń jà bí ajá àti ológbò, títí ẹṣin fi gbé Leland ṣánlẹ̀ sórí òkúta.

Àsìkò tí ewé ń pọ́n ni wọ́n gbéra. Oko àgbàdo ni wọ́n kọ́kọ́ ń là kọjá, àmọ́ nígbà tó di ọjọ́ kejì, àgbàdo ti tán, igi náà sì ti tán. Ohun tó kù ò ju koríko gbígbẹ lọ, àti wáyà, àti afẹ́fẹ́ tó ń ti ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n yí padà. Rédíò ń hó ṣùù títí Verna fi pa á. Emmett tí í máa kọrin bó bá ń wakọ̀, kò kọ ọ̀kankan. Verna mọ̀ pé ó ń to ohun tó máa sọ fún Orrin ni.

Kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà eléruku, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ló wà tó tún ń ta epo. Twyla, obìnrin tó ni ín, ń bu kọfí fún wọn lọ́wọ́ nígbà tí Emmett dárúkọ Orrin. Ọwọ́ obìnrin náà dúró. Ó ní ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ màlúù lọ síbẹ̀ kò lọ mọ́ láti ìgbà tí Orrin ti yìnbọn fọ́ gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ọlọ́pàá lọ wò ó, Orrin fún un ní kọfí, ó bá a tàkúrọ̀sọ, ọlọ́pàá bá padà wá ní kò sóhun tó ṣe é.

"Ẹ fọn fèrè ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà," ni Twyla wí. "Ẹ má sì sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi máa rí ojú yín."

Emmett rẹ́rìn-ín. "Orrin mọ̀ mí ju bó ṣe mọ ara rẹ̀ lọ."

"Ohun tí mò ń wí náà nìyẹn," ni Twyla dá a lóhùn, kò sì rẹ́rìn-ín.

Géètì àkọ́kọ́ tó wọ ilẹ̀ Orrin ṣí sílẹ̀ gbayawu. Verna rí i tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ le mọ́ ìdarí ọkọ̀, nítorí pé Orrin lè dárí ji ẹni tó jí ẹṣin rẹ̀, kò lè dárí ji ẹni tó fi géètì sílẹ̀ láì tì. Ìkejì náà ṣí sílẹ̀. Lẹ́bàá wáyà, màlúù kan nà gbalaja sílẹ̀, igún bò ó, wọn ò tilẹ̀ fò nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá. Àwọn màlúù tó kù pagbo yí ọpọ́n irin tí wọ́n ti ń mumi ká, wọ́n ń ké. Verna wo inú ọpọ́n náà. Eruku ló wà níbẹ̀.

"Emmett, jẹ́ ká padà lọ pe ọlọ́pàá."

"Kí n ní kí ló ṣẹlẹ̀? Pé ọ̀rẹ́ mi gbàgbé láti fún màlúù lómi?"

"Pé ọ̀rẹ́ ẹ ní ìbọn lọ́wọ́, kò sì mọ ọdún tó wà mọ́."

Emmett ń wakọ̀ lọ síwájú. Ó fọn fèrè ọkọ̀.

Orrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, akẹtẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìbọn gígùn wà lórí itan rẹ̀. Ó ti rù kan egungun. Bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ò sì bára mu. Àmọ́ bó ṣe rí Emmett, ojú rẹ̀ tàn.

"Sájẹ́ńtì. O mà ti hun jọ bí awọ tó gbẹ."

"Ìwọ tí o ń wí, dígí ti fọ́ nílé ẹ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Emmett àti Verna sọ̀ kalẹ̀, ọkàn Verna sì fẹ́ máa balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà ni Orrin na ọrùn wo inú ọkọ̀ tí wọ́n gbé wá.

"Leland ńkọ́?"

Emmett kì í ṣe ẹni tó mọ irọ́ pa. Ó rọra ní, "Orrin, Leland ti kú. Ìwọ gan-an lo kọ́kọ́ da erùpẹ̀ lé e lórí."

Verna ti rí irú rẹ̀ rí nílé ìwòsàn: ikú àtijọ́ a máa di ikú tuntun létí ẹni tó ti gbàgbé. Ẹnu Orrin là sílẹ̀. Omijé dà lójú rẹ̀. Kí omijé náà tó dé àgbọ̀n, ó ti dìde, ìbọn sì ti bá a dìde.

"Ta ló pa á?"

Emmett ní ẹṣin ni. Orrin ní ẹṣin tó lè gbé Leland ṣubú kò tíì dáyé. Ó ní àbí Emmett ló rán an níṣẹ́ ikú, ibo ló sì sin ín sí? Ẹnu ìbọn wà lójúkojú pẹ̀lú àyà Emmett. Ohun tí Verna ń gbọ́ ò ju igbe màlúù lọ.

"Orrin," ni Verna wí, bí ẹni ń pe èèyàn sí oúnjẹ, "òǹgbẹ ń pa àwọn màlúù. Leland ti lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ní kó o máa bọ̀, pé ọwọ́ òun nìkan ò ká a."

Emmett fẹ́ sọ̀rọ̀. Verna tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Orrin pòṣé. "Ọ̀lẹ ọmọ. Mo mọ̀ pé kò lè dá a ṣe."

Ó fi ìbọn júwe fún wọn pé kí wọ́n máa lọ níwájú. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi kò jìnnà, ṣùgbọ́n Verna ò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí. Ó ń gbọ́ bàtà Orrin lẹ́yìn rẹ̀. Orrin ń bú àbúrò rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́ bí wọ́n ti ń lọ.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni. Orrin wò yíká, iwájú orí rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun jọ. Emmett ló yára fọhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó fà á síhìn-ín, ó fà á sọ́hùn-ún, ó ní ọwọ́ òun ò mọ̀ ọ́n, kí Orrin wá gba òun.

Orrin wo ẹ́ńjìnnì, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó yíjú sí Verna, ó sì na ìbọn sí i bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ fún aládùúgbò. "Bá mi di èyí mú."

Verna lọ sẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀rọ náà, ó yọ ọta inú rẹ̀. Ọ̀kan já sínú koríko, kò sì dúró wá a. Nígbà tó padà dé, ẹ́ńjìnnì ti ń wúkọ́, omi pupa ń tú jáde, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. Àwọn màlúù ya dé, wọ́n ń ti ara wọn lulẹ̀. Àwọn kan ò lè dìde wá rárá.

Orrin jókòó sórí òkúta, ó ń wò wọ́n. Ó ní, "Leland ò sí níbí."

Emmett jókòó tì í. "Kò sí."

"Ó ti pẹ́?"

"Ó ti pẹ́."

Orrin ṣí akẹtẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e lé orúnkún. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó wọlé padà, ó ti ń bi Verna léèrè pé ìgbà wo ni Leland máa wá jẹun. Verna gbé àwo kan kalẹ̀ fún Leland, kò jiyàn.

Wọ́n dúró tì í títí àwọn aládùúgbò fi kó màlúù lọ sọ́dọ̀ tiwọn. Dókítà ìlú sọ ohun tí Verna ti mọ̀: àrùn ìgbàgbé ló ń ṣe Orrin. Kò sí ẹbí tó máa gbà á, Emmett bá ní ilé àwọn ní Omaha ló kù.

Orrin wọ ọkọ̀ láìjanpata. Verna jókòó tì í lẹ́yìn. Wọ́n ti rìn jìnnà nígbà tó fara sún mọ́ Verna, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Màdáámù, ta ni ọkùnrin tó ń wakọ̀ yẹn?"

"Ọ̀rẹ́ rẹ ni."

Orrin wo ìpàkọ́ Emmett títí. "Ó jọ èèyàn dáadáa," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣọ́ ọ o."

Ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀kùn. Verna gba ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Emmett gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ọ̀nà, ó ń wakọ̀ lọ.