Ìró Irin Lábẹ́ Ọkọ̀ Fádípẹ̀

Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí Fádípẹ̀ bá ń yí sitíárìn sí ọ̀tún, ẹni tó wà lápá òsì ló kọ́kọ́ máa ń sá. Kì í ṣe pé bàbá náà kò mọ ọkọ̀ wà, ọkọ̀ ló ti ní èrò tirẹ̀. Píkọ́ọ̀pù Màsídà ni, ó ti gbó, ó ti ṣá, irin tó so sitíárìn mọ́ táyà iwájú sì ti jẹ tán. Bó bá wọ kòtò báyìí, abẹ́ ọkọ̀ á máa dún gbàn-gàn, gbàn-gàn. Ewúrẹ́ tó ń sùn sójú títì á ti dìde kí ó tó yọ ní kọ́nà. Àwọn ọlọ́kadà kì í bá a du ọ̀nà rárá.

Kò sí ẹni tó ń bá a gbélé. Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Èkó láti bá Tóbilọ́ba ọmọ wọn tọ́jú ìkókó. Wọ́n ní oṣù mẹ́ta ni. Ìkókó náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀, Sẹ̀gilọlá kò tíì dé. Fádípẹ̀ ti mọ bí a ṣe ń se ọbẹ̀ ẹnìkan ṣoṣo, jíjẹ rẹ̀ ni kò tíì mọ́ ọn lára. Nígbà mìíràn, á gbé oúnjẹ lọ sínú ọkọ̀, á jókòó sídìí sitíárìn, á máa jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó ìyàwó rẹ̀. Aṣọ àdìrẹ ni obìnrin náà fi bo ìjókòó yẹn kó tó lọ. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e.

Nígbà tí Sẹ̀gilọlá wá pè pé òun ń bọ̀ fún ọdún ìlú, pé òun ń bọ̀ pátápátá, díẹ̀ ló kù kí Fádípẹ̀ bẹ́ sókè. Àdéhùn kan ṣoṣo ni obìnrin náà bá a ṣe. Orúnkún òun kò gba ọ̀kadà mọ́, kí ó fi ọkọ̀ wá gbé òun ní gáréèjì, bó bá ti tún ìdí sitíárìn yẹn ṣe. Fádípẹ̀ ní ó ti pẹ́ tí òun ti tún un ṣe, pé ọkọ̀ ń lọ geerege bí omi. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀, ó forí lé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ọlálérè mẹkáníìkì wọ abẹ́ ọkọ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ojú ẹni tó lọ wo òkú. Ó ní tairọ́ọ̀dù, ìyẹn irin ọ̀hún, ti kú tipẹ́, sísin ló kù. Fádípẹ̀ gba ọ̀dọ̀ Àsíìsì lọ, ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Àsíìsì ní ọkọ̀ wo ni? Fádípẹ̀ nawọ́ sí orúkọ gàdàgbà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Wọ́n gbé ti Màsídà fún un, kò wọlé. Ó lọ pààrọ̀ rẹ̀ sí Màsídà tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn wá ń mì bí ẹsẹ̀ ọmọdé nínú bàtà bàbá rẹ̀.

Àsíìsì wá rán an létí òfin ìdí iṣẹ́ wọn. A kì í fẹnu ra tairọ́ọ̀dù, èyí tó bàjẹ́ la fi ń ra tuntun. Ọlálérè tú ògbólógbòó náà, Fádípẹ̀ gbé e lọ, wọ́n fi wé gbogbo Màsídà inú ṣọ́ọ̀bù. Kò jọ ọ̀kankan.

"Bàbá, ẹ má bínú o," Àsíìsì ní, "ṣé ó dá yín lójú pé ìyá kan náà ló bí orí àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí?"

Fádípẹ̀ fẹ́ bínú pé wọ́n pe ọkọ̀ òun ní ọmọ àlè, àmọ́ Ọlálérè tún wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì rí ojú àpá. Ọ̀tún ni sitíárìn wà nígbà tí ọkọ̀ náà ti òkè òkun dé. Ẹnìkan ló gbé e wá sí òsì, ara ọkọ̀ mìíràn ló sì ti yọ irin tó fi ṣe é. Ọkọ̀ wo? Ìpẹtà ti jẹ gbogbo àmì.

Fádípẹ̀ kò lè mọ̀. Ọdún tí wọ́n ra píkọ́ọ̀pù yẹn, ilé ẹni tó ń to eegun ló wà. Takisí Dátísìn rẹ̀ ti rọ́ lu igi lọ́nà Òkè-Ìlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó sì ti búra pé òun kò fẹ́ fojú kan ọkọ̀ náà mọ́. Sẹ̀gilọlá ní òun ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Obìnrin yẹn náà ló fi èrè epo pupa ra píkọ́ọ̀pù, òun ló tẹ̀ lé e dé Ìbàdàn tí wọ́n fi tún un ṣe. Òun nìkan ló mọ̀. Bí Fádípẹ̀ bá sì bi í, irọ́ rẹ̀ ti tú nìyẹn. Bí kò bá bi í, ọkọ̀ kò ní dé gáréèjì.

Ó yí ọkọ̀ náà po títí, ó wá pè.

"Ìyá Tóbi, wọ́n ń béèrè ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ irin sitíárìn yìí."

"Ẹ ní ó ń lọ geerege."

"Ó ń lọ. Ibi tó wù ú ló ń lọ ni."

Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín títí.

"Bàbá Tóbi, Dátísìn yín ni. Mi ò tà á. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ọkọ̀ ń bà yín nígbà yẹn. Mo ní bí ọwọ́ yín bá mọ ohun tó dì mú, kò ní gbọ̀n."

Fádípẹ̀ jókòó sórí táyà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wa píkọ́ọ̀pù náà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n lóòótọ́, ó sì ti fi ọdún púpọ̀ yangàn káàkiri Ìlá pé ọkùnrin ni òun.

Ó ra tairọ́ọ̀dù Dátísìn lọ́dọ̀ Àsíìsì, ó sì wọlé ṣinṣin. Ọlálérè to táyà kí méjèèjì kọjú síbì kan náà. Ọjọ́ tí Sẹ̀gilọlá ń bọ̀, Fádípẹ̀ fọ ọkọ̀, ó fọ aṣọ àdìrẹ, ó sì forí lé gáréèjì. Ọkọ̀ náà kò dún rárá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ewúrẹ́ méjì tó ń retí ariwo.

Bọ́ọ̀sì dé, àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, Sẹ̀gilọlá kò sí níbẹ̀. Fóònù ló dún, Sẹ̀gilọlá ni. Ìyàwó Tóbi ni kò gbádùn, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà láàárọ̀. Oyún ni. Ó ń bì lemọ́lemọ́, Sẹ̀gilọlá kò lè fi í sílẹ̀.

Fádípẹ̀ ṣàdúrà pé Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Tọkàntọkàn ló fi ṣe é. Àdúrà náà sì dùn ún wọra.

Fáòsíátù aránṣọ, tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹrù, ní kí bàbá gbé òun délé, ó sì ṣílẹ̀kùn iwájú. Fádípẹ̀ ní ẹnìkan wà níbẹ̀. Obìnrin náà wo ìjókòó òfìfo, ó wo bàbá, ó sì rọra gun ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Nígbà tó wọ àgbàlá rẹ̀, Sẹ̀gilọlá tún pè.

"Ṣé ẹ ti délé?"

"Mo ti dé."

"Mi ò gbọ́ yín. Tẹ́lẹ̀, láti kọ́nà ni mo ti máa ń gbọ́ gbàn-gàn yín, màá ti gbé omi ọkà kaná."

Fádípẹ̀ wolẹ̀. Ògbólógbòó tairọ́ọ̀dù náà ṣì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀, níbi tí Ọlálérè jù ú sí. Ó mú un, ó gbé fóònù sórí aṣọ àdìrẹ, ó sì fi irin náà lu ara ilẹ̀kùn. Gbàn-gàn. Gbàn-gàn.

Sẹ̀gilọlá kí i láti inú fóònù.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Tóbi."

Fádípẹ̀ dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wọlé lọ gbé omi ọkà kaná fúnra rẹ̀.