Ọmọ Gòbìrì tí mo lé lọ

Àbí kí n sọ pé ó ṣàìsàn? Bí ẹnìkan bá bi mí... Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mí. Aago mẹ́wàá ti kọjá. Àwọn ọmọ ogun àtijọ́ mọ́kànlá ti jókòó lábẹ́ ibòji ọgbà wa ní Banifandou, ní Niamey níbí, wọ́n ń pín káàdì, tíì ń hó lórí èédú, gbogbo wọn ló sì mọ̀ pé ẹnìkan kò sí níbẹ̀, àti pé èmi ni mo ní kó má wá. Èmi Àjọkẹ́, tí mo fi ọdún márùn-ún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọkàn ènìyàn ní yunifásítì lódìkejì odò. Èmi tí wọ́n fi ìpàdé Sátidé yìí lé lọ́wọ́.

Òfin ni mo tẹ̀ lé. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ẹnikẹ́ni níbí. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, ní Faransé, ní Haúsá, ní Zarma, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Hàkímù bú bàbá mi. Nítorí náà, kí Hàkímù sinmi nílé fún ìgbà díẹ̀. Ó gún régé. Kí ló wá dé tí mo fi ń tún un rò láti àárọ̀, bí ẹni tó ń fi ahọ́n wá egungun ẹja lẹ́nu?

Bàbá mi ló jókòó ní ìkángun yẹn, tó gbé fìlà lé orúnkún. Sànúsí, awakọ̀ ọmọ ogun fún ọdún méjìlélógún. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ìhà Diffa, ọkọ̀ rẹ̀ gun orí bọ́ǹbù tí wọ́n bò mọ́ inú yanrìn. Àbdùlsàlàm, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í, kú. Bàbá mi kò kú. Láti ìgbà náà... Oorun ńkọ́, Bàbá? "A dúpẹ́." Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? "A dúpẹ́, ọmọ mi." Kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Kò pe orúkọ Àbdùlsàlàm mọ́. Ìbéèrè mẹ́tàdínlógún ló wà nínú ìwé tí mo fi ń ṣiṣẹ́. N kò tíì rí ẹyọ kan nínú wọn tó ṣí ẹnu rẹ̀.

Hàkímù kò ní ìwé ìbéèrè. Ọmọ ogun àtijọ́ ni òun náà, ọmọ Gòbìrì, ìran Haúsá kan, wẹ́dà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì onírin ní ọjà Katako. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ pé Yorùbá ni bàbá mi, ó na ìka sí i: "Bawana! Ẹrú mi rèé! Níbo lo sá gbà láti ọjọ́ yìí?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé eré àtìrandíran ni. Gòbìrì a máa pe Yorùbá lẹ́rú, a ní ata ló ń jẹ yó, Yorùbá a dá a padà fún un, ẹni tó bá sì bínú ló jẹ̀bi. Mo tilẹ̀ kọ ojú ìwé mẹ́rin lé e lórí rí. Ṣùgbọ́n eré ní ààlà — àbí kò ní?

Nítorí ohun tó sọ ní Sátidé tó kọjá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ata jíjẹ mọ́. "Ẹ wo awakọ̀! Yorùbá tí kò mọ ọ̀nà! Ọkọ̀ ìjọba ló fi ń wá ihò eku kiri inú yanrìn!"

Ọ̀nà. Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀nà fún.

Ibẹ̀ ni mo ti dìde. Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí olùkọ́ — ó tó, Bàbá Hàkímù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ. Kò tilẹ̀ bínú. "Ọmọ ẹrú mi, ìwé ti pọ̀ lórí rẹ jù. Ta ló bí ọ sí Niamey tí kò kọ́ ọ ní eré?" Ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: wọ́n bú Sànúsí. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò fèsì.

Ó dáa. Kí n tò ó bó ṣe yẹ. Kí ni mo rí, kí ni mo fi kún un? Èjìká tó ń gbọ̀n: mo rí i. Pé ẹkún ló fẹ́ sun: èmi ni mo fi kún un. Ìyá mi máa ń sọ ọ́... "Bàbá rẹ, tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ló máa ń ṣáájú ẹnu." Mo rò pé àsọdùn ni. N kò rántí ẹ̀rín rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àti láàárọ̀ yìí, nínú taksí. Ó ti lọ aṣọ. Ó ti fá irùngbọ̀n. "Àjọkẹ́, ṣé Gòbìrì burúkú yẹn ń bọ̀?" Rárá o, Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní yọ yín lẹ́nu mọ́. Ó yíjú sí fèrèsé títí a fi dé. Mo ní ara tù ú. Ta ló ń fá irùngbọ̀n de ẹni tó ń bẹ̀rù?

Ẹnìkan gbé ife tíì fún mi. Ó korò. Mo dúpẹ́.

"Kò fèsì." Gbólóhùn yìí gan-an ló ń há mi lọ́fun. Nígbà tí mo dìde, ẹnu bàbá mi ti ṣí. Ó ti gbé ìka sókè sí Hàkímù. Ohùn kan wà lábẹ́ àtẹ́wọ́ mi... ariwo ìta ni, àwọn alùpùpù ni... Rárá. Ohùn rẹ̀ ni, ní Haúsá, ohùn tó lágbára tí n kò gbọ́ láti ọdún mẹ́rin: "Ìwọ ẹrú yìí, lọ bi Àbdùlsàlàm! Òun ló ní ká gba —"

Òun ló ní ká gba ibẹ̀.

Mo gbọ́ ọ. Kí àtẹ́wọ́ kejì tó dún ni mo ti gbọ́ ọ. Orúkọ náà jáde láàárín èébú, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni pé ẹni tó ni ín ṣì jókòó tì í nínú ọkọ̀, tí wọ́n jọ ń jiyàn ọ̀nà. Mo sì pàtẹ́wọ́ kẹta. Èmi ọmọ rẹ̀, tí mo ti ń dúró de orúkọ yẹn láti ọjọ́ yìí, tí mo fi ìbéèrè mẹ́tàdínlógún wá a, ó gbójú fò mí, ó gbé e lé wẹ́dà kan tó pè é lẹ́rú lọ́wọ́.

Àánú rẹ̀ kọ́ ló gbé mi dìde. Mo jowú. Níwájú gbogbo wọn, ní ọ̀sán gangan, mo jowú, mo sì pè é ní ìtọ́jú.