Kọfí Ìfẹ́ àti Ẹsẹ̀ Tí Kì í Sùn

Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà láti ìgbà tí mo gbọ́njú, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Ojú ni wọ́n máa ń sọ, àti ètè, àti ọrùn tó gùn, àti irun tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Bí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin bá tiẹ̀ wọ inú ìwé, a jẹ́ pé ó ń sáré lọ bá olólùfẹ́ rẹ̀ nínú òjò ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó tuntun lè fẹ̀gbẹ́ lé apá ọkọ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa ṣe bíi pé ekòló ti kó sínú eegun.

Ẹ má bínú pé ekòló ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. Tí iná bá ti kú, tí mo ti na ara lé ibùsùn, kì í pẹ́ tí nǹkan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà lábẹ́ ojúgun mi, jẹ́jẹ́, bí ohun tó tutù tó sì ń yọ̀, á wọ́ lọ sí kókósẹ̀, á tún wọ́ padà bọ̀. Kì í dùn mí. Ì bá máa dùn mí, ì bá sàn. Ìrora ní iyì tirẹ̀, èèyàn lè sunkún sí i. Èyí kàn ń rí mi lára ni. Bí mo bá gbọn ẹsẹ̀, á dúró. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo ṣe ń jà lórí ibùsùn nìyẹn bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi, aṣọ ìtẹ́lẹ̀ á ti ká mọ́ mi nídìí, òógùn á ti bò mí, ẹ̀mí mi á sì kórìíra ara mi.

Adúmáradán ló ń jẹ ìyà ẹ̀. Orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn, torí ó dúdú, ó sì ń dán bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ ni. Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, òkè ni yàrá wa. Òun ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Àárín ìdọ̀tí ẹlòmíràn ni ìfẹ́ wa ti ń dàgbà: kọ́là tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí òógùn ọrùn, aṣọ ìnujú tí ikun ti gan mọ́, aṣọ ìbora tí mi ò ní sọ ohun tí mo rí lára ẹ̀. Gbogbo ìyẹn ti mọ́ mi lára, wọn ò rí mi lára mọ́. Ẹsẹ̀ tèmi nìkan ló kù.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, gìgísẹ̀ mi ba ọkọ mi ní eegun ẹ̀yìn, gbọ̀ọ́! Ó fò dìde.

"Ẹyinjú-ẹgẹ́," ó ní, "ṣé ìjà la bá wá síbí ni?"

"Ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ni."

"Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni. Ẹni tó ni ín ni kò yé mi, torí ti ẹṣin ló jọ."

Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ká ìrọ̀rí rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó sì sùn sórí tábìlì tí a fi ń lọ aṣọ. Ó ní ooru ń mú òun lókè. Ooru wo? Òjò ló ń rọ̀ lálẹ́ náà, tó ń lu páànù bí ẹni pé wọ́n rán an níṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń gbé e gòkè wá lálẹ́: kọfí. Nígbà tá a ṣì ń fẹ́ra, mo ti sọ fún un pé nínú ìwé, àwọn olólùfẹ́ máa ń mu kọfí lẹ́bàá fèrèsé kí wọ́n tó sùn. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà yẹn. Àmọ́ láti ọjọ́ tí mo ti wọlé rẹ̀, kò sí alẹ́ tí kì í po kọfí fún mi nínú kọ́ọ̀pù ńlá pupa kan, á dúdú, á ki, ṣúgà inú ẹ̀ á pọ̀ débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró nínú ẹ̀. Á fẹnu kò mí níwájú orí, á ní, "Ìfẹ́ rèé o, mu ún kó tó tutù." Èmi á mu ún tán, títí kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, nítorí ọkàn mi ń sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀pù yẹn ò bá gòkè mọ́, ilé wa tú nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé yàrá kejì sí wa, kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó kàn gbà gbọ́ pé ohun tó bá rùn ló ń wo àìsàn. Nígbà tó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ ti ń sùn ní ìsàlẹ̀, ó kó ọ̀rá ẹran tó ti pẹ́ nílẹ̀, àlùbọ́sà àti káńfọ̀ pọ̀ sínú ìkòkò, ó sè é, ó dà á sínú agolo, ó sì gbé e wọlé tọ̀ mí wá.

"Ìyàwó mi, na ẹsẹ̀."

"Màmá, ó ń rùn."

"Kó rùn dáadáa! Ṣé lọ́fínńdà làìsàn máa ń sá fún ni?"

Ó fi pa mí láti orúnkún dé àárín ọmọ ìka. Òkú eku abẹ́ àga ní òórùn tó sàn jù ú lọ. Nígbà tó parí, ó fa ìbọ̀sẹ̀ onírun méjì yọ lápò, ìbọ̀sẹ̀ tí oníbàárà kan ti gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù wa. A ti fọ̀ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àmì àtàǹpàkò ẹni náà ṣì yọ gọ̀ǹgọ̀ lójú ẹ̀. Nígbà tí mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó dà bíi pé inú ẹsẹ̀ ọkùnrin tí mi ò mọ̀ rí ni mo ti ẹsẹ̀ bọ̀.

"Màmá, ta ló ni ín?"

"Ẹni tí kò ní wá gbà á. Wọ̀ ọ́ dókè."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọ̀rá ti dì sáàárín ìka ẹsẹ̀ mi, irun ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, èèrà sì ti tò láti ojú fèrèsé wá sórí ibùsùn. Ekòló inú eegun ò lọ. A kàn fi èèrà kún un ni.

Mo di ìbòrí, mo padà sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo sọ pé mo padà, torí mo ti lọ ṣáájú. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́fẹ̀ẹ́, ti fa ẹ̀jẹ̀ mi nígbà yẹn, ó ní irin inú ẹ̀ ti dín kù, pé òun ló ń dà mí lẹ́sẹ̀ rú. Èmi tí irin gbígbóná tá a fi ń lọ aṣọ kì í kúrò lọ́wọ́ mi látàárọ̀ ṣúlẹ̀! Ó fún mi ní oògùn. Mo lò ó. Ìgbẹ́ mi dúdú bí ọ̀dà, kò sí nǹkan mìíràn tó yí padà.

"O ò lò ó," ni nọ́ọ̀sì wí, kí n tiẹ̀ tó jókòó.

"Àǹtí, mo lò ó. Mi ò fo ọjọ́ kan."

"Ìgbà wo lo máa ń lò ó?"

"Lálẹ́, tí mo bá fẹ́ sùn."

"Kí lo fi ń gbé e mì?"

"Kọfí. Ọkọ mi ló máa ń pò ó fún mi."

Ó gbé bíírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó rí aáyán nínú àwo oúnjẹ.

"Kọfí! Ìyàwó, gbọ́ mi. Kọfí kì í jẹ́ kí ara gba oògùn yẹn dáadáa. Ò ń gbé e mì lásán ni. Kọfí lálẹ́ fúnra rẹ̀ sì lè máa ru irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ sókè. Ò ń fọwọ́ ọ̀tún kọ́lé, ò ń fi tòsì wó o. Omi ọsàn ni kó o máa fi lò ó. Tó bá dalẹ́, fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ náà, na iṣan ẹ̀, kẹ́nì kan sì bá ọ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kì í ṣe oògùn ọjọ́ kan o. Ní sùúrù."

"Ta ni kó bá mi tẹ̀ ẹ́?"

"O ò ní ọkọ ni?"

Mo ní ọkọ. Orí tábìlì ló wà.

Ẹ wá sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ọkùnrin tó ti sá fún ibùsùn mi, kí n tún wò ó lójú sọ pé mi ò fẹ́ kọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́? Nínú ìwé, obìnrin tó bá kọ ife ìfẹ́, ojú ewé tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó gbé e dé lálẹ́, mo gbà á, mo dúpẹ́, mo fi kan ètè. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe kúrò lórí àtẹ̀gùn ni mo ṣí fèrèsé, mo da gbogbo ẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ kejì, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, ààrá ń kùn. Ó yẹ kí n rántí pé ààrá kì í kùn kí alágbàfọ̀ jókòó sílé, nígbà tí aṣọ funfun bá wà lórí okùn ẹ̀yìnkùlé. Mi ò rántí. Mo dà á.

"Yéè!" ni mo gbọ́ nísàlẹ̀. "Ta ló da ìgbọ̀nsẹ̀ sí mi lórí?"

Fèrèsé ìyá ọkọ mi ṣí gbà. "Ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ̀?"

"Màmá, ó gbóná!"

"Tó bá gbóná, a jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ò tíì lọ! Mú un!"

"Ẹ dúró ná." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ó dùn."

"Mo kú o! Ọmọ mi ti tọ́ ọ wò!"

Adúmáradán gbójú sókè. Ó di aṣọ ìtẹ́lẹ̀ funfun oníbàárà mọ́ra, kọfí ti ya máàpù sí i látòkè délẹ̀. Èmi náà dúró gbagidi lójú fèrèsé bí ère, kọ́ọ̀pù pupa lọ́wọ́.

Ó gòkè wá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. 

"Ṣé mo ti sú ọ ni?"

"Ta ló sú ta? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kó ìrọ̀rí yín lọ bá áyọ́ọ̀nù! Tẹ́ ẹ ní ooru ń mú yín nínú òjò!"

Ni mo bá tú gbogbo ẹ̀ síta, ti nọ́ọ̀sì, ti oògùn, ti kọfí. Mo ń sunkún, kì í ṣe ẹkún inú ìwé tí omijé máa ń rọra ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ o. Ikun imú ló ń ṣàn wọ̀ mí lẹ́nu. Ọkọ mi jókòó sétí ibùsùn, ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ní ó parí.

Ṣòkòtò kan ló gbé gòkè padà, ṣòkòtò àwọ̀ eérú tó dára, ojú áyọ́ọ̀nù ti jó o lórí itan, dúdú bátabàta.

"Àárọ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ tó o ta mí nípàá lẹ́yìn ni mo jó o," ó ní. "Mo ní kí n bá ọ lọ aṣọ kó o lè sinmi, mo sì sùn lọ lórí ìdúró. Àfi ìgbà tí mo gbọ́ òórùn. Abẹ́ tábìlì ni mo fi í pa mọ́ sí. Mo bẹ oníṣòkòtò títí ẹnu mi fẹ́ bó. Tí mo bá sọ fún ọ pé àìsùn ló fà á, ṣé wàá tún lè fojú kan oorun?"

"Ẹ ò sá fún mi?"

"Oorun ni mo wá lọ."

"Òórùn ọ̀rá Màmá ńkọ́?"

Ó gbọn gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kúrò nírùngbọ̀n. "Ìyẹn náà wà níbẹ̀ o. Mi ò ní purọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tó fi pa ọ́, nísàlẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Ìyá ọkọ mi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé báàfù omi gbígbóná tó ti kánjú gbé kaná láti fi fọ orí ọmọ rẹ̀. "Ṣé kọfí ni?" ó ní, bíi pé a ti rẹ́ ẹ jẹ. "Gbogbo ariwo yìí, kọfí lásán?"

"Màmá, ẹ gbé omi yẹn wá," ni ọkọ mi wí.

Ó bomi tútù lù ú, ó ki ẹsẹ̀ mi méjèèjì bọ̀ ọ́, ó sì dì í mú bó ṣe máa ń di kọ́là tó dọ̀tí mú, pẹ̀lú ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ, tó le bí èèpo igi. Ọ̀rá tó ṣẹ́ kù bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò lára mi, ó dúdú, ó ń yí bí ìdin, irun ìbọ̀sẹ̀ ọkùnrin àjèjì wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ bì. Mo bojú.

"Ìdọ̀tí yìí pọ̀ ju ti awakọ̀ ẹrù lọ," ni ọkọ mi wí. Ìyá rẹ̀ ní oògùn òun ni wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí, ó bínú, ó jáde.

Ọkọ mi ń tẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, látẹ̀yìn orúnkún dé gìgísẹ̀. Ekòló náà yíra díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Kò tán lọ́jọ́ yẹn. Aṣọ oníbàárà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì la fọ̀ ọ́ kó tó funfun padà. Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀pù pupa ṣì ń gòkè lálaalẹ́, omi ọsàn ló wà nínú ẹ̀ báyìí, pẹ̀lú oògùn lórí ìdérí ẹ̀. Bí oṣù ṣe ń lọ, àwọn alẹ́ tí ekòló kò yọjú ti ń pọ̀ ju èyí tó yọjú lọ, èyí tó bá sì yọjú, ọwọ́ alágbàfọ̀ ń dúró dè é.

Ìrọ̀rí rẹ̀ ti padà sókè. Lálẹ́ àná, ẹsẹ̀ mi nà sílẹ̀ gbalaja, ó dákẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Mo yíjú sí ọkọ mi láti wò ó bí wọ́n ṣe ń wo olólùfẹ́ tó ń sùn nínú ìwé. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń han-run, itọ́ gígùn kan sì ń ti igun ètè rẹ̀ bọ̀ wá sí èjìká mi, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń yọ̀. Ó rí mi lára gan-an. Mo fi etí ìrọ̀rí rẹ̀ nù ún, mo sún mọ́ ọn, mo sì sùn.