Lẹ́tà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kò Kọ

"Antí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wò ó dáadáa. Bóyá ó há sáàárín àwọn fáìlì yẹn."

Akọ̀wé kò wo fáìlì kankan. Ojú Ìyá Ẹja ló ń wò. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. "Mi ò lè parọ́ fún yín mọ́," ló wí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n ò kọ lẹ́tà kankan. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń rán wọn létí. Wọ́n ní kí n máa sọ fún yín pé ó ti lọ."

Ìyá Ẹja jókòó sórí àga àlejò. Ẹja inú odò ló ń ṣe ìwádìí lé lórí ní yunifásítì náà, ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń wá ààyè ìwádìí ọlọ́dún kan ní yunifásítì kan lókè òkun, níbi tí ẹ̀rọ tó lè fi mọ májèlé tó ń pa ẹja odò wọn wà. Lọ́dún yìí, wọ́n mú un. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀, kọ̀wé pé àwọn yọ̀ǹda rẹ̀. Àná ni ọjọ́ pé. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ránṣẹ́ sí i pé àwọn ò rí lẹ́tà, àwọn sì ti fi ààyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Ó kan ilẹ̀kùn ọ̀gá, kò dúró gbọ́ èsì kó tó wọlé.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Ọmọ mi! Àwọn ìwé ìdánwò tí mo ní kí o bá mi máàkì ńkọ́?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ́ ọ láti ọdún kìíní títí tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tó ń ṣègbéyàwó, òun náà ló dúró bíi bàbá fún un.

"Sà, ṣé ẹ kọ lẹ́tà mi?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. "Ó ti dé etígbọ̀ọ́ rẹ. Jókòó ná."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, sà."

"Ó dáa. Mi ò kọ ọ́. Gbogbo àwọn tí a ti ń rán lọ, ta ló padà wá nínú wọn? Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni yóò máa bá mi kọ́ kíláàsì mi?"

"Ọdún kan péré ni, sà. Ọkọ mi àtàwọn ọmọ ò ní tẹ̀ lé mi. Ibo ni mo fẹ́ sá lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ṣe wí."

"Ẹ̀ bá ti kọ̀ lójú mi, sà, kí n lè wá ọ̀nà mìíràn. Ojoojúmọ́ ni mo ń wá kí yín. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀ ń bi mí bóyá mo ti ra ẹ̀wù òtútù!"

"Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó tún gbìyànjú."

"A" yẹn ló dùn ún jù. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó bọ́ níbẹ̀.

"Ó ti tó àkókò kíláàsì ọdún kejì," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí, ó ti dojú kọ ìwé iwájú rẹ̀. "Àwọn ọmọ ń dúró dè ọ́."

Ìyá Ẹja jáde, ó gba iwájú kíláàsì náà kọjá. Ọmọbìnrin kan yọjú lójú fèrèsé. "Mà, ṣé ẹ ò wọlé ni?"

"Ẹni tó ni kíláàsì wà lọ́fíìsì rẹ̀. Ẹ lọ pè é."

Àwọn ọmọ náà kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá, ó sì fẹ́ràn wọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ yà sínú kíláàsì. Kò jẹ́ kó yà.